Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Ti Wáyé Rí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń bí mi nínú. Nínú ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó, ọmọbìnrin kan wà tí wọn kò jẹ́ kó jẹ ilá ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, nítorí pé òkú kan kò fẹ́ràn ilá. Kì í ṣe pé ilá ń dà á láàmú o. Bó bá wọ yàrá mi tó rí ìkòkò ilá lórí sítóòfù, ṣe ni ojú rẹ̀ máa ń dán. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá ká a mọ́bẹ̀, bàbá náà á ní, "Màmá, ẹ kì í jẹ ilá. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?" Ọmọ tí kò tíì ká eyín ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ o! Ọmọ á gbé abọ́ sílẹ̀, á fi ọwọ́ nu ẹnu, á sì tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ jẹ ẹ̀fọ́.

Yéwándé lorúkọ rẹ̀. Èmi ni Ìyá Ihsan. Bọ́tìnnì, òwú àti síípù ni mò ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, yàrá tí mo háyà sì kángun sí tiwọn. Mùsùlùmí ni mí, ará Ìjẹ̀bú. Àwọn ni ọmọ onílé, ìjọ aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni wọ́n ń lọ. Ẹnu mi kì í dákẹ́, mo mọ̀. Ọkọ mi ti sọ ọ́ títí ó sú u. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tí kò ní ìjà nínú, kó lọ bá ẹlòmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Túnjí ni bàbá Yéwándé. Ìyá Túnjí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Túnjí, a máa ta ẹja gbígbẹ. Ẹ̀pẹ́ ló ti ń rà á wá, ọkọ̀ ojú omi ló sì máa ń wọ̀. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ dojú dé. Wọ́n rí ẹrù Màmá, wọ́n rí gèlè rẹ̀ tó léfòó, wọn kò rí òun fúnra rẹ̀. Túnjí di ẹrù, ó ní òun ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ wá ìyá òun, bó jẹ́ ààyè, bó jẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n Wòlíì Dáfídì tó ni ìjọ wọn bọ́ sínú ẹ̀mí, ó gbọ̀n, ó pòyì, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá òkú kiri lójú omi o. Ó ní Màmá ti gba ọ̀nà míì, ó ti ń padà bọ̀ wálé. Ó nawọ́ sí ikùn ìyàwó Túnjí, tó lóyún nígbà náà. Túnjí tú ẹrù. Nígbà tí ìyàwó bí, tó sì jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ parí. Màmá ti dé. Wọ́n sọ ọmọ ní Yéwándé.

Mi ò rí nǹkan tó burú nínú orúkọ. Bí ìyá àgbà bá kú tí wọ́n sì bí obìnrin tẹ̀ lé e, kí ni kí wọ́n tún sọ ọ́? Àwọn Yétúndé àti Ìyábọ̀ tó pọ̀ ní Èkó yìí, ta ló ní kí wọ́n máa gbé ìgbé ayé ẹlòmíràn? Wọ́n á jẹ́ orúkọ, wọ́n á sì máa ṣe ayé tiwọn lọ. Àwọn ará ilé yìí ni kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dá a dúró.

Ẹ sì mọ bí òkú ṣe rí lẹ́nu ọmọ aráyé. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Màmá Túnjí, ẹ ó rò pé málékà ló ń ta ẹja. Wọ́n ní kì í pariwo. Wọ́n ní bó bá ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ kì í hàn. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀. Mo ní, ẹja gbígbẹ ló ń tà l'Ékòó, kò bá ẹnikẹ́ni jà? Kí wọ́n tún un rò.

Yéwándé wá ńkọ́? Yéé, ọmọ náà! Bó bá rẹ́rìn-ín nínú ilé, lèmọ́mù tó wà ní mọ́sáláṣí òpópónà kejì á mọ̀ pé nǹkan pa á lẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ gígùn, ohùn gbàgàdà, ìrìn bí ẹni tí wọ́n jí fóònù rẹ̀ tó ń lé olè. Bí òjò bá rọ̀ tí àgbàrá gba gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, tí kálukú ń gbé bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì, òun nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn. Á ká síkẹ́ẹ̀tì, á máa wọ́ omi kiri. Ìyá rẹ̀ á sunkún, bàbá rẹ̀ á ké pe Wòlíì. Nítorí òfin tó le jù nínú gbogbo òfin náà nìyí: omi ló mú Màmá lọ nígbà àkọ́kọ́, nítorí náà Yéwándé kò gbọdọ̀ dé etí omi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé lọ ṣeré létí òkun, ẹ̀yìn ìsọ̀ mi ló jókòó sí, ó ń ka bọ́tìnnì sínú ike, ojú rẹ̀ pọ́n.

Ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá Wòlíì. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé amọ̀ ló tán lọ́wọ́ Ọlọ́run ni, tí kò fi lè mọ èèyàn tuntun mọ́? Ṣé fọ́tókọ́pì ló kù tó ń ṣe?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá Ihsan, ẹ lọ máa ta bọ́tìnnì yín."

Mo ní, "Màá lọ. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì gan-an, oríṣiríṣi ló wà."

Ó ní kí Ọlọ́run là mí lójú. Mo ní àmín, kó ṣe tẹ̀yin náà.

Yéwándé dàgbà, ó parí ìwé, ó ní òun ti rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Marina. Gbogbo ilé yọ̀. Ọ́fíìsì! Wọ́n ní Màmá Túnjí ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀, pé kò pẹ́ tó máa kó owó jọ, á sì padà sídìí ẹja. Irọ́ gbuu ni. Ebúté Èrò ló wà, ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi. Láti ibi tíkẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn so okùn. Láti ibi okùn ni awakọ̀ àgbà kan ti ní kó wá di ìdarí mú kí òun rí i. Ó dì í mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó ṣe ìdánwò ìjọba, ó yege. Ní ọjọ́ kan, ó wọ yàrá mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìkòkò ilá mi sílẹ̀ láìtọrọ, ó sì sọ fún mi pé wọ́n ti fún òun ní ọkọ̀ òwúrọ̀, Ebúté Èrò sí Ìkòròdú. Mọ́ńdè ló máa bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá yọjú ní Mọ́ńdè, ẹlòmíràn ló máa gbà á, àwọn ọkùnrin tó ń dúró dè é sì pọ̀.

"Ìyá Ihsan," ó ní, "mo gbà pé Ọlọ́run ló pè mí síbẹ̀."

"Ọlọ́run ń pe èèyàn sídìí ẹ́ńjìnnì?"

"Ó pe àwọn apẹja, kí ló dé tí kò ní pe awakọ̀?" Ó lá ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti gbàdúrà títí. Mo ní, Olúwa, bó o bá fẹ́ kí n jẹ́ Màmá àgbà, jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹja gbígbẹ. Òórùn rẹ̀ lásán, èébì ń gbé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà lórí omi, mo máa ń mọ̀ pé èmi ni mo wà níbẹ̀. Ọlọ́run tó fi èyí sí mi nínú, ṣé ó ń fi mí ṣeré ni?"

Mo bu ilá kún ilá fún un.

Ó lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Ẹ wá wo wàhálà! Túnjí kò lù ú o, ta ni í lu ìyá rẹ̀? Ẹkún ló bú sí. Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Màmá, ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè sin yín. Bí ẹ bá tún lọ sójú omi, ẹ má padà wá bá mi nílé yìí. Mi ò ní agbára ẹ̀ mọ́." Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí. Òótọ́ ni pé kò tíì bọ́ nínú ikú yẹn.

Wòlíì Dáfídì ló wá fi èdìdì dì í. Ó ní ó bọ́ sásìkò, pé Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ọgbọ̀n ọdún tí Màmá Túnjí ti lọ. Ní ọjọ́ náà, Yéwándé á wọ aṣọ funfun Màmá, á jókòó sórí àga Màmá láàárín àwọn ìyá ìjọ, wọ́n á fa kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ ẹja lé e lọ́wọ́, á sì fi àbẹ́là jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run pé òun kò ní gbé ẹsẹ̀ sójú omi mọ́ títí ayé. Yéwándé bẹ̀rù Ọlọ́run gan-an. Bó bá jẹ́jẹ̀ẹ́, kò ní já a. Gbogbo wa la mọ̀.

Lọ́jọ́ Fúráídè, ó tún wá. Kò tiẹ̀ wo ìkòkò.

"Ìyá Ihsan, bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé èmi náà ni mo rì?"

"O rántí pé o rì?"

"Mi ò rántí nǹkan kan."

"Yéwándé, mo ń fi ojú mi wò ọ́ láti kékeré. Ẹni tí omi bá pa, ṣé á máa sáré tọ omi?"

"Bàbá mi ti lé mi o." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mi ò lè fi bàbá ra ọkọ̀. Màá jẹ́jẹ̀ẹ́ náà."

Ó dùn mí débi pé mo sọ̀rọ̀ burúkú sí Wòlíì lọ́kàn mi, tí mo tún ṣe àlùwàlá míì.

Sátidé dé. Wọ́n na kánópì dí òpópónà, wọ́n to àga rọ́bà, wọ́n sì gbé fọ́tò Màmá Túnjí tó tóbi bí ilẹ̀kùn kọ́ sẹ́nu géètì. Èmi jókòó sídìí ọjà mi ní tèmi. Agogo ìjọ ń dún nínú lọ́hùn-ún. Ni mo bá rí ìyá arúgbó kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Apọ́ngbọ̀n, báàgì ńlá lórí, ó ń fi orúnkún kan tiro, ó ń bú gbogbo ẹni tó bá fara kàn án. Nígbà tó dé abẹ́ fọ́tò, ó dúró. Ó sọ báàgì kalẹ̀. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ta ló ya eléyìí?" ó bi mí. "Imú mi kò tóbi tó báyìí láyé."

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ta ni màá wá? Mo dé ilé mi, o ní ta ni mò ń wá. Ìwọ ta ni? Ta ló ní kó o máa ta òwú níbi tí mo ń to ẹja sí?"

Láhìláhà! Ara mi bù máṣọ. Kí n tó dìde, ó ti wọlé. Mo fi ọjà sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e.

Nínú lọ́hùn-ún, Yéwándé wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun tó kúrú fún un, àbẹ́là lọ́wọ́, ojú wú. Bàbá rẹ̀ dúró tì í. Wòlíì na ọ̀pá sókè, ó lọ́ ohùn: "Ìwọ ẹ̀mí Màmá Túnjí, tí omi gbé lọ, tí Olúwa dá padà, ṣé o jẹ́jẹ̀ẹ́ pé o kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́?"

Ìyá arúgbó dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ta ló sọ fún yín pé mo wọ ọkọ̀ náà?"

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ tó dàgbà jù kígbe "Jésù!" ó sì gba ojú fèrèsé jáde. Tẹ́ ẹ bá rí bó ṣe sanra tó, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu gidi ni. Àga ń dojú dé, àwọn akọrin ń forí gbárí. Wòlíì sá sẹ́yìn Yéwándé, ó na ọ̀pá síwájú.

"Àkúdàáyà ni!" ó ń pariwo. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: òkú tó dìde, tó lọ ń gbé ìlú míì tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣòwò, tó ń fẹ́ ọkọ. Wọ́n ní bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé bá ti rí i, á pòórá. Nítorí náà gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó pé kó pòórá. Kò pòórá. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó ń nu òógùn.

"Ṣé ẹ ní oúnjẹ nílé yìí?" ó ní. "Láti Kútọnú ni mo ti ń bọ̀."

Èmi wá rò ó pé, bó jẹ́ òkú, bó jẹ́ ààyè, àlejò ni, ebi sì ń pa á. Mo lọ gbé ẹ̀bà àti ilá mi wá. Ó kọjú sí i bí ẹni tó ń gbẹ̀san.

Ni Túnjí bá rí ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí abọ́. "Ẹ ò rí i? Kì í ṣe Màmá mi! Màmá mi kì í jẹ ilá!"

Ìyá arúgbó gbójú sókè. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ilá ìyàwó rẹ ni mi ò lè jẹ. Kò mọ̀ ọ́n sè."

Ìyàwó Túnjí, tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣí ẹnu. "Màmá ni," ó ní. "Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Màmá ni."

Túnjí wó lulẹ̀ gbalaja. Ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́. "Màmá, níbo lẹ wà? Ọgbọ̀n ọdún! Kí ló dé tí ẹ kò wá sílé?"

Ìyá náà nu ọwọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní òun àti obìnrin kan ló jà sí àyè ìjókòó nínú ọkọ̀, ní Ẹ̀pẹ́. Ẹrù òun ti wà nínú ọkọ̀. Obìnrin náà já gèlè òun, òun sì gbá a létí, ni ọlọ́kọ̀ bá ti òun sílẹ̀, ó gbéra. Òun wà nílé ọ̀rẹ́ òun nígbà tí òun gbọ́ pé ọkọ̀ náà ti rì.

"Mo ní Túnjí á wá," ó ní. "Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, Túnjí á wá ní ọ̀la. Mo ní, bóyá kò tíì gbọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, màá lọ wò ó. Oṣù kan kọjá. Wọ́n ní ẹ ti pa màlúù fún mi. Mo ṣì ń dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ẹ ti bí mi. Ẹ sọ ọmọ ní Yéwándé! Ṣé èmi tí mo sọnù ló yẹ kí n tún máa wá yín kiri ni? Mo ní ó dáa. Wọ́n ti rí Màmá míì. Mo bá tèmi lọ sí Kútọnú. Ìbínú ni mo bá lọ, ojú ló wá ń tì mí láti padà, títí mo fi gbọ́ pé ẹ fẹ́ ṣe ìrántí mi. Ó dùn mí, Túnjí. Títí di òní yìí, ó ń dùn mí. O kò wá mi."

"Wọ́n ní kí n má wá yín."

"Ta ló bí ẹ? Èmi àbí àwọn?"

Mo wo Wòlíì, ó ń wo ọ̀pá rẹ̀. Ó wúkọ́, ó ní ẹ̀mí kì í parọ́ o, bóyá ìyá ìyá Yéwándé ló padà wá. Ìyá ìyàwó Túnjí dìde láàárín èrò, abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́, ó ní òun náà wà láyé o, kí wọ́n má kó bá òun. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Yéwándé kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, àbẹ́là ń yọ́ sí i lọ́wọ́, kò mọ̀. Ó ń wo obìnrin tí wọ́n ti ní òun ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, obìnrin tó ń jẹ ilá, tó ń gbá èèyàn létí, tó ń jà sí àyè ìjókòó.

"Bí ẹ̀yin bá jẹ́ ẹ̀yin, Màmá," ó ní, "ta wá ni èmi?"

Ìyá àgbà wò ó dáadáa. "Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ. Báwo ni màá ṣe mọ̀? Ìwọ ló yẹ kó o sọ fún mi."

Ọmọ náà fẹ́ àbẹ́là pa, ó dìde, ó bọ́ aṣọ funfun náà kúrò lórí aṣọ tó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé ìyá àgbà lẹ́sẹ̀, ó sì bá mi lọ sí yàrá. Ibẹ̀ ló ti sun ẹkún tí mi ò rí irú rẹ̀ rí.

"Inú mi yẹ kó dùn," ó ní. "Kò dùn. Bí mo bá ṣe dáadáa, wọ́n á ní Màmá ni. Bí mo bá ṣẹ̀, wọ́n á ní Màmá ń bínú. Wọ́n ti wá kó Màmá lọ báyìí. Kí ló kù sí mi lọ́wọ́, Ìyá Ihsan? Wọn ò tiẹ̀ wò mí rí."

Mo fà á mọ́ra. Mo ní, "Tèmi ni pé Ọlọ́run kì í ṣi èèyàn ṣe. Gbogbo ilé yìí ló ṣi ẹ mọ̀. Òun kò ṣì ọ́ mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kì ọ́ mọ́lẹ̀ kó o dákẹ́, ṣé o dákẹ́? Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi sé omi mọ́ ẹ, ṣé Ọlọ́run kò gbé ẹ débẹ̀? Kí lo tún fẹ́ kó ṣe? Kó kọ ọ́ sí géètì?"

Ó fọn imú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún sunkún. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀, tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tirẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí mo wà." Bàbá náà kò gbójú sókè. Kò sọ pé máa lọ, kò sì sọ pé má lọ. Ní Sọ́ńdè, kò bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń kí i, tí kò gbọ́ èsì.

Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí mo kí àsùbáà, mo sin Yéwándé dé Ebúté Èrò. Ìyá àgbà tẹ̀ lé wa, ó ń ráhùn orúnkún. Mo ní, "Màmá, ẹ wọlé ká jọ lọ." Ó ní kí n má tiẹ̀ dán irú rẹ̀ wò. "Láti ọjọ́ yẹn, mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Èmi ló ń bẹ̀rù omi, ẹ ò gbọ́? Èmi! Kì í ṣe ọmọ yẹn." Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ra mọ́ínmọ́ín.

Èmi wọ ọkọ̀ ní tèmi. Ta ló máa jẹ́ kí irú nǹkan báyẹn kọjá lójú òun? Yéwándé ti wà nídìí ìdarí, ó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ó ń bá àwọn èrò ṣe ariwo pé kí wọ́n so tiwọn. Ọkùnrin kan ṣẹ́jú sí i, ó ní obìnrin ló fẹ́ wa àwọn? Yéwándé ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ." Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ó ti na ọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì nígbà tí mo rí Túnjí.

Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí pákó ebúté, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tíkẹ́ẹ̀tì wà láàárín eyín rẹ̀. Òógùn bò ó. Mo rò pé ó fẹ́ fà á jáde níwájú gbogbo èrò ni. Yéwándé náà rò bẹ́ẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu. "Ibi tó o bá ń lọ."

"Ẹ̀rù omi ń bà yín."

"Ó ń bà mí gan-an ni." Ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ọkọ̀ mì, ó kígbe, ó sì tún gbé ìkejì. "Wọ́n ti dá mi dúró sílé lẹ́ẹ̀kan rí, mo sì dúró. Mi ò ní jókòó sílé mọ́ kí ẹlòmíràn máa sọ ibi tí ọmọ mi wà fún mi."

Ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Èmi ni mo bá a so jákẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ kò lè so ó. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù, ó ń já a lábọ̀, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. A gba abẹ́ afárá ńlá kọjá. Omi ń ta sí wa lára, Yéwándé ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín rẹ̀ yẹn, gbàgàdà, bàbá rẹ̀ sì la ojú kan wò ó. Ó ń wò ó bẹ́ẹ̀ títí, kò dì í mọ́.

Ní Ìkòròdú, òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó di òpó kan mú, ó bì, ó bì, títí kò fi sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Yéwándé sáré gbé omi fún un. Ó fi fọ ẹnu, ó fi fìlà nu irùngbọ̀n, ó sì wo ojú omi tí a ti kọjá.

"Ìgbà wo lò ń padà?" ó bi í.

"Bí èrò bá ti kún. Ṣùgbọ́n mọ́tò wà níbí, Bàbá, ẹ lè gba orí ilẹ̀ lọ sílé."

Ó mi orí, ó sì wọ inú ọkọ̀ padà lọ jókòó.